Marúgbó Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Kàmọ́rù

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi ara yín pé kí ni bàbá arúgbó yìí ń wá ní ẹ̀yìnkùlé láràárọ̀, ẹ jókòó kí n sọ fún yín. Ìdajì ohun tí ẹ ń wò níbí kì í ṣe tèmi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́bàá kànga yẹn, ti Ìyá Kàmọ́rù ni. Ewúro yẹn, tirẹ̀ ni. Ata wẹ́wẹ́ tí ẹ máa ń já láì tọrọ, tirẹ̀ náà ni. Ilé rẹ̀ ló wà níbi tí ẹ ti rí ògiri gíga tuntun yẹn, tí wọ́n to irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó sí lórí bí ẹni pé olè kan ṣoṣo tó kù láyé, ọ̀nà ilé wọn ló mọ̀. Nígbà tiwa, kò sí ògiri níbẹ̀. Pèrègún bíi mélòó kan ni. A mọ̀ pé ìhín ni tiwa, ọ̀hún ni tiwọn, a kò sì bá ara wa jà lé e lórí rí.

Ìkálẹ̀ ni èmi àti obìnrin yẹn ń sọ síra wa o. Mo ń yí i sí Yorùbá ilé ìwé nítorí ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Èkó. Bí mo bá sọ ọ́ bó ṣe jẹ́ gan-an, ẹ ó kàn máa wo ẹnu mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òwúrọ̀ ṣe máa ń rí. Kí àkùkọ tó pinnu bóyá òun máa kọ tàbí òun kò ní kọ, ẹ ó ti gbọ́ ìró búta Ìyá Kàmọ́rù lára ìkòkò omi. Àlùwàlá ló ń ṣe, ó fẹ́ kírun ìdájí. Bí mo bá ti gbọ́ ìró yẹn, mo mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, màá dìde wá àdá mi. Láìpẹ́, ìyàwó mi, Ìyá Táyọ̀, yóò jáde, àwọn méjèèjì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn láti ẹ̀yìnkùlé kan sí èkejì. Ìkíni yẹn kì í tán bọ̀rọ̀. Wọn yóò béèrè ẹsẹ̀, wọn yóò béèrè ikọ́, wọn yóò béèrè àlá tí ẹnìkan lá. Èmi á ti dé oko, wọn ò tíì dé orí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìró odó. Pupuru inú ọ̀rá lẹ̀yin mọ̀, ìyẹ̀fun tí ẹ máa ń dà sínú omi gbígbóná. A kò mọ ìyẹn. Gbágùúdá ni wọn yóò rẹ sínú omi títí yóò fi rọ̀, wọn yóò kó o sínú àpò, wọn yóò gbé òkúta lé e kí omi inú rẹ̀ lè ro dànù, wọn yóò wá mọ ọ́n roboto, wọn yóò tò ó sórí àjà lókè iná. Èéfín yóò máa yan án títí ara rẹ̀ yóò fi dúdú. Bí wọ́n bá fẹ́ lò ó, wọn á ha èèpo dúdú yẹn kúrò, inú funfun ni wọn yóò gún. Gbogbo ìlú wa, Ìkọ̀yà, ló máa ń gba òórùn èéfín yẹn. Aṣọ tí a wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá ń gbà á, kò sì sẹ́ni tó ń bi ẹnìkejì léèrè nítorí imú gbogbo wa ti mọ́ ọn lára.

A ní ìṣe kan nígbà náà tí n kò rí mọ́. Bí o bá fẹ́ wú igi tàbí ewé ní ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn, wàá bu erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tìrẹ sínú agbọ̀n, wàá gbé e dání. Bí o bá ti wú ohun tí wọ́n fún ọ tán, erùpẹ̀ tìrẹ ni wàá fi dí ihò tí o gbẹ́. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tó ṣe ọ́ lóore, o kò gbọdọ̀ fi ihò san án. Àbúrò mi kan gbàgbé lọ́jọ́ kan. Ó wú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé Ìyá Kàmọ́rù, ó gbé e lé èjìká, ó ń súfèé lọ sílé. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ọkọ Ìyá Kàmọ́rù jáde láti ṣe àlùwàlá, ó sì bá ara rẹ̀ nínú ihò, òun àti búta. Ọkùnrin yẹn kì í bínú, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, ó kírun tán, ó wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa, ó kàn ń wo àbúrò mi. Àbúrò mi gbé erùpẹ̀ lọ síbẹ̀ títí ihò náà fi di òkè kékeré.

Bí Iléyá bá dé, ẹran wọn á gba àárín pèrègún kọjá sọ́dọ̀ wa kí tiwọn tó jinná nílé. Bí Kérésì bá dé, ìrẹsì wa á gba ibẹ̀ kọjá padà. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fẹ́ràn jù lọ nítorí Ìyá Kàmọ́rù kì í jẹ́ kí ó kọjá láìgé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dára jù, á sì ní kí ìyàwó mi gbé e lọ síwájú pẹpẹ fún òun. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Mùsùlùmí ni àlùfáà wa máa ń gbàdúrà lé lórí lọ́dọọdún, ó sì mọ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá ń ta ohun ìkórè ní gbàǹjo lẹ́yìn ìsìn, àlùfáà gan-an ló máa ń rà á.

Nísinsìnyí kí n tó sọ bí Ìyá Kàmọ́rù ṣe lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti marúgbó. Ewé ọbẹ̀ ni. Kì í dúró lórí ara rẹ̀, ó máa ń fà ni, ó ń wá ohun tó máa gùn. Àwọn obìnrin máa ń lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ata àti ẹfinrin, wọn á fi ẹja gbígbẹ sè é, ọbẹ̀ náà á dúdú, a ó fi jẹ pupuru. Abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, òun ni oúnjẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìyàwó mi gbé e wá láti ilé bàbá rẹ̀ ní Àjàgbà nígbà tí mo gbé e níyàwó. Àwọn ẹlòmíràn gbé ìkòkò wá, àwọn ẹlòmíràn gbé ẹní wá, tèmi gbé ewé tí a fi ẹrẹ̀ wé ní ìdí. Nígbà tí aládùúgbò wa bí Kàmọ́rù, ìyàwó mi ló se ọbẹ̀ náà fún un. Lẹ́yìn tó jẹ ẹ́ tán, ó ní òun fẹ́ ewé yẹn lẹ́yìnkùlé òun, ìyàwó mi sì gé e fún un. Ẹja gbígbẹ ni Ìyá Kàmọ́rù ń tà ní ọjà Òkìtìpupa, ọwọ́ àwọn ará etí omi ló ti ń rà á. Ọ̀kan ní ewé, ọ̀kan ní ẹja. Ẹ rò ó wò bí ọbẹ̀ wa ṣe máa ń rí.

Ìgbà kì í lọ bí òréré. Ìyá Táyọ̀ kú. Nígbà ìsìnkú rẹ̀, àwọn bàbá yín ní kí àwọn àlejò má baà tẹ ẹrẹ̀, wọ́n da kọnkéré sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé yìí láti ẹsẹ̀ ilé dé ìdí kànga. Wọ́n gé marúgbó dànù kí wọ́n lè rí ibi ta ìbòòrùn sí. N kò bá wọn wí. Ojú mi kò ríran dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Ìgbà tí gbogbo ènìyàn lọ tán ni mo jáde, tí mo wo ilẹ̀ funfun yẹn, tí mo sì mọ̀ pé kò sí ohun kan tó hù láti ọwọ́ ìyàwó mi mọ́ nínú ilé mi. Ti ẹ̀yìnkùlé Ìyá Kàmọ́rù nìkan ló kù. Nígbà tó yá, n kò tún rí i nílé ẹlòmíràn ní àdúgbò wa, nítorí gbogbo wọn ló ti da kọnkéré.

Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo jí lọ́jọ́ kan, n kò gbọ́ ìró búta. Mo ní bóyá etí mi ni. Mo dúró, mo dúró, oòrùn yọ. Mo pe Táyọ̀ ọmọ mi, a lọ kan ilẹ̀kùn, a já a. Ilẹ̀ la bá a, ó ti ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sì sẹ́lòmíràn nínú ilé. Ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé, “Bàbá Táyọ̀, ẹ pẹ́.” Mo ní kó má bínú.

Kàmọ́rù wá láti Àkúrẹ́. Ọmọ dáadáa ni. Ó ní ìyá òun kò ní dá gbé mọ́, pé yàrá wà nílẹ̀ fún un lọ́dọ̀ òun, pé ilé ìwòsàn tí wọn yóò ti máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà. Gbogbo ẹbí fọwọ́ sí i kí wọ́n ta ilé náà. Ẹni tó rà á fẹ́ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò sì fẹ́ dúró di ìgbà òjò. Katapílà ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Kàmọ́rù jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, ó ní òun kò lọ.

“Ta ló máa gba àwọn nǹkan mi?” ló ń sọ. “Katapílà ò mọ ewúro yàtọ̀ sí ìdọ̀tí.”

Mo ní, “Èmi máa gbà wọ́n.”

Ó wò mí. “Orí kọnkéré lẹ fẹ́ gbìn wọ́n sí?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí nítorí òótọ́ ni. Mo lọ sílé, mo wá òòlù ńlá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kọnkéré. Táyọ̀ sáré jáde, ó rò pé orí mi ti yí. Fúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ yé. Ó gba òòlù lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀, ó ní, “Bàbá ò ní dá a ṣe.” Ojú tí Táyọ̀ fi ń fọ́ kọnkéré náà, ẹ ò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí. Òun náà ló san owó rẹ̀ nígbà tí wọ́n dà á.

Mo bu erùpẹ̀ tó wà lábẹ́ kọnkéré yẹn sínú agbọ̀n, mo gbé e lọ. Ìyá Kàmọ́rù jókòó sórí àpótí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń pàṣẹ. A bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí iná bá kú, a feérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fọmọ rẹ̀ rọ́pò, nítorí náà ọmọ rẹ̀ ni a mú. Lẹ́yìn náà ewúro, lẹ́yìn náà ata. Nígbà tó kan marúgbó, ó dìde dúró.

“Ẹ rọra, Bàbá Táyọ̀. Ẹ ń fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́.”

“Mo rọra.”

“Ẹ ò rọra. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ gbẹ́ ìdí rẹ̀ yípo kẹ́ ẹ tó gbé e.”

Mo gbẹ́ ẹ yípo, ó jáde pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e. Mo wá fa agbọ̀n mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dí ihò. Kàmọ́rù tó ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ dúró, ó ń wò mí.

“Bàbá, kí lẹ ń ṣe? Katapílà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n máa gbẹ́ gbogbo ibí yìí ni.”

Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. “Tí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ ẹ, kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Ẹ dí i, Bàbá Táyọ̀.”

Mo dí i. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó tún jókòó, ó wá ní, “N kò fún yín ní marúgbó o. Mo dá a padà ni. Ìyá Táyọ̀ ló ni ín. Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Tó bá yè, ọkàn mi á balẹ̀, màá jókòó sọ́dọ̀ ọmọ mi. Tó bá kú, a jẹ́ pé kò sí ohun tó so èmi àti Ìyá Táyọ̀ pọ̀ ní Ìkọ̀yà mọ́, mi ò sì lè gbà bẹ́ẹ̀. Màá padà wá. Ẹ má parọ́ fún mi.”

Mo ní, “Inú ilé wo lẹ máa padà sí?”

“Inú ilé ìdáná yín.”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ obìnrin yẹn. Ohun tó bá sọ, ó máa ń ṣe é. Mo sì ń rò ó pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa fẹ́ wá máa sùn nílé ìdáná nítorí ewé.

Nígbà tó bá Kàmọ́rù lọ sí Àkúrẹ́ tán, ọjọ́ Jímọ̀ ni ó máa ń pè mí lórí fóònù, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Kò ní kí mi pẹ́. “Ó yè?” Màá ní ó yè. Mo gbìn ín síbi tí a ti fọ́ kọnkéré, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìbòòrùn fún un, mo ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ewé rẹ̀ kò rọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní nínú ọyẹ́ báyìí, kò lè yè. Mo fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa sọ.

Lẹ́yìn náà ni omi pupuru ṣẹlẹ̀. Ẹ má wo Fúnkẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Láti ìgbà tó ti wọ ilé yìí, orí òkúta tó wà lókè ọ̀hún ló ti ń tẹ àpò gbágùúdá, omi rẹ̀ sì máa ń ṣàn kọjá lórí kọnkéré lọ sínú kòtò ẹ̀yìn ilé. Kò sẹ́ni tó ronú pé nísinsìnyí tí a ti fọ́ kọnkéré, omi náà kò ní dé kòtò mọ́. Ó tẹ àpò rẹ̀, ó lọ sọ́jà, omi ń ro. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ omi gbágùúdá, ibi tó bá dúró sí, koríko kì í hù níbẹ̀. Nígbà tí mo ti oko dé, ìdí marúgbó ti rin gbingbin, òórùn kíkan ń jáde níbẹ̀. Kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo ewé rẹ̀ ti já sílẹ̀.

Fúnkẹ́ sunkún. Mo ní kó dákẹ́, ṣùgbọ́n ojú tèmi náà kò gbẹ. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ wí fún Ìyá Kàmọ́rù. Táyọ̀ ní kí n sọ pé ó yè, pé ìlú Àkúrẹ́ jìnnà, kò lè rí i. Mo ní ta ni mo fẹ́ máa parọ́ fún ní ọjọ́ orí mi yìí?

Fóònù dún.

“Ó yè?”

Mo ní, “Ìyá Kàmọ́rù, omi pupuru dé ìdí rẹ̀. Ewé rẹ̀ ti já tán.”

Ó wá ní, “Mo gbọ́,” ó sì pa fóònù. Kò pẹ́, Kàmọ́rù pè mí. Ó ní, “Bàbá, kí lẹ sọ fún màámi? Wọ́n ti wé gèlè. Wọ́n ní kí n pe ọkọ̀ Òkìtìpupa fún àwọn.”

Mo ní kó gbé fóònù fún un. Mo ní, “Ìyá Kàmọ́rù, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo fi èékánná ha ìdí igi náà, àwọ̀ ewé ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ fún mi di àkọ́rọ̀ òjò. Tí òjò bá rọ̀ tí kò hù, èmi fúnra mi á wá gbé yín.”

“Àkọ́rọ̀ òjò,” ló wí. “N ò dúró ju ìyẹn lọ.”

Èmi àti Fúnkẹ́ hú gbogbo erùpẹ̀ tí omi yẹn bà jẹ́ kúrò, a da erùpẹ̀ oko síbẹ̀, a bu eérú díẹ̀ mọ́ ọn, Táyọ̀ sì gbẹ́ ojú àgbàrá tuntun fún omi pupuru, kò tilẹ̀ kùn. Mo gé igi náà kúrú. Kò sí nǹkan tó kù tí ojú lè rí ju kùkùté kékeré kan. Mo ń jí, mo ń lọ wò ó. Ọyẹ́ lọ, ooru dé. Ẹ̀yin ń rò pé mo ń gbàdúrà sí igi. Ẹ ò parọ́ jìnnà.

Òjò náà rọ̀ ní òru kan, kò rọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, Fúnkẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. Ó pè mí, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ, ohùn rẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀. Ẹnu ewé kékeré kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté, òmíràn sì tẹ̀lé e.

N kò dúró de ọjọ́ Jímọ̀. Ní kété tí ewé náà tẹ́, Táyọ̀ pè wọ́n lórí fóònù tí ojú ń hàn nínú rẹ̀. Ìyá Kàmọ́rù ní kí a sún mọ́ ọn. A sún mọ́ ọn. Ó ní kí a tún sún mọ́ ọn. Ó ní, “Koríko ń jọ ọ́. Ẹ já ewé kan, ẹ jẹ ẹ́, Bàbá Táyọ̀.”

N kò fẹ́ já a, ó kéré jù, ṣùgbọ́n mo já a. Mo fi sẹ́nu, mo rún un. Ìtọ́wò rẹ̀ bọ́ sí mi ní ahọ́n, èyí tó korò díẹ̀ ṣáájú kí ó tó tutù, mo sì rí Ìyá Táyọ̀ nídìí ààrò bí ẹni pé àná ni.

“Òun ni?”

Mo ní, “Òun ni.”

Ó gbé fóònù fún ọmọ rẹ̀. Mo rò pé ó ń sunkún. Mo ń bẹ Kàmọ́rù pé kó tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n Kàmọ́rù ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní, “Bàbá, ẹ ṣé o. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, wọn ò tú àpò wọn. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń mú aṣọ wọ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n ń dá a padà sí. Ìyàwó mi ti bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ti ń tú u báyìí.”

Mo gbọ́ ìró ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn rẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti inú yàrá, bó ṣe máa ń ké sí wa láti ẹ̀yìnkùlé.

“Kàmọ́rù, hángà tẹ́ ẹ fún mi yìí ò tó o. Lọ wá òmíràn.”